Ìyá Ìyàwó Nínú Mọ́tò Adájọ́

Bí ẹnìkan bá ti sọ fún Màmá Télọ̀ tẹ́lẹ̀ pé yóò dàgbà tán kí géńdé kan tó máa gbé e sọ sínú mọ́tò láràárọ̀, ì bá ní kí onítọ̀hún lọ bọ́jú kó tó máa sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn, kò sì sí ẹni tó fipá mú un. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi gbà.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ilé-iṣẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́, àwọn tó máa ń rìn mọ́ èèyàn ńlá kí aburú má bàa bá a. Òun ló ń rán kóòtù dúdú tí wọ́n ń wọ̀, ó sì mọ bí òun ṣe ń dá àyè ìbọn sí i lábẹ́ apá tí kò fi ní yọ síta. Ọ̀gá tó ń kọ́ wọn níṣẹ́ kì í bọ́ fèrè kúrò lọ́rùn, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń pè é ní Ọ̀gá Fèrè. Ó wá bá Màmá Télọ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní Adájọ́ obìnrin kan ni wọ́n gbé fún àwọn láti máa ṣọ́, kò sì ráyè wá ṣe ìdánrawò.

"Ẹ̀yin àti Adájọ́ ga bákan náà, mà, ara yín sì dọ́gba. Ẹ jẹ́ ká máa fi yín dánra wò."

"Kí ẹ máa gbé mi jù bí àpò símẹ́ǹtì?"

"A ó máa rọra jù yín, mà."

Ó gbà. Ọ̀gá Fèrè rò pé àánú ni. Àánú kọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta tó máa ṣọ́ Adájọ́ ló fẹ́ wò dáadáa.

Ọ̀rọ̀ náà rí báyìí. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ti mú ọkùnrin kan wálé pé ẹni tí òun máa fẹ́ nìyí. Ọkùnrin náà ga, ó fẹ̀, Ògiri ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Kí wọ́n tó gbé omi wá fún àlejò, bàbá ilé ti ní òun fọwọ́ sí i. Màmá Télọ̀ ni kò fọwọ́ sí nǹkan kan. Ìbéèrè kan ló bi í.

"Tí wàhálà bá bẹ́ sílẹ̀, tí ọmọ mi wà lápá ọ̀tún, tí Adájọ́ wà lápá òsì, ta lo máa fara bò?"

Ẹni tó gbọ́n á ti purọ́. Ògiri ro ó, ó ro ó, ó ní, "Adájọ́ ni, mà. Iṣẹ́ mi ni."

Ọmọbìnrin fọwọ́ bojú. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Màmá Télọ̀ ní ó dáa, òun á ronú sí i, gbogbo ilé sì mọ̀ pé ìrònú náà kò ní dáa.

Kí ẹ má dá a lẹ́bi. Nígbà tí oyún ọmọ yìí wà nínú rẹ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ jọ ń rìn lọ lójú pópó nígbà tí ajá kan já ṣéènì, tó sì kọjú sí wọn. Ọkọ rẹ̀ na pápá bora. Ó fo ọgbà gàgàrà onílé kan, bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan sì jábọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó. Bàtà yẹn ni Màmá Télọ̀ fi na ajá náà títí ó fi padà sílé. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá dá ọ̀rọ̀ ajá sílẹ̀, bàbá á ní, "Akínkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ní í bá ogun lọ," ìyàwó rẹ̀ á sì ní òun kò bá ogun lọ, ajá ni òun bá jà. Kò ní fa ọmọ rẹ̀ fún ọkùnrin tó máa sá. Èyí tí kò ní sá rèé, ẹlòmíràn ló fẹ́ dúró tì. Kí ni èèyàn fẹ́ mú níbẹ̀?

Ìdánrawò bẹ̀rẹ̀. Bí fèrè bá ti dún, kí àwọn méjì kọjú sí ọ̀tá, kí Ògiri tẹ orí Màmá Télọ̀ mọ́lẹ̀, kó gbá a mú níbàdí, kó sọ ọ́ sẹ́yìn mọ́tò, kó sì dùbúlẹ̀ lé e. Bí ilẹ̀kùn bá ti dún gbàà, kí dírẹ́bà máa lọ, kó má wẹ̀yìn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, fèrè dún, Ògiri dúró síwájú ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà."

"Kó o tó bẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n á ti yìnbọn tán," ni Ọ̀gá Fèrè pariwo.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Màmá Télọ̀ wí. "Ilé tí wọ́n ti kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ló ti wá."

Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, ẹ̀bẹ̀ náà ń kúrú. "Ẹ má bínú, mà" di "Ẹ má bín." Ó di "Mà" lásán. Nígbà tó yá, kò sí ọ̀rọ̀ kankan mọ́, fèrè á dún, Màmá Télọ̀ á sì rí ara rẹ̀ lórí àga ẹ̀yìn mọ́tò. Ká sọ òótọ́, ó ti ń gbádùn rẹ̀. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ká ẹsẹ̀ kò kí ilẹ̀kùn tó pa dé. Nílé, ó máa ń ṣàlàyé fún ọkọ rẹ̀ títí oúnjẹ á fi tutù.

Ọ̀gá Fèrè ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ ní ìparí iṣẹ́: "Lọ́jọ́ ìjà, ọpọlọ á sá lọ. Ara ló máa kù. Ohun tẹ́ ẹ bá fi kọ́ ara náà ló máa ṣe."

Òótọ́ ló sọ. Òun fúnra rẹ̀ ni kò mọ bó ṣe jẹ́ òótọ́ tó.

Ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí ilé-ẹjọ́ tuntun pé. Adájọ́ wọ aṣọ ńlá tí Màmá Télọ̀ rán fún un, etí aṣọ náà sì ń wọ́lẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí télọ̀ kó wá ká a sókè. Ó dé, ó fẹnu há abẹ́rẹ́ olórí bí ìṣe àwọn télọ̀, ó tún etí aṣọ ṣe, ó sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan kó lè wò ó láti òkèèrè bóyá ó gún.

Ọkùnrin kan tó ń sin oyin wà láàárín èrò. Aládùúgbò rẹ̀ ti gbé e lọ sílé-ẹjọ́, Adájọ́ sì ti pàṣẹ pé kó kó àpótí oyin rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà aládùúgbò. Ó kó wọn kúrò lóòótọ́. Ilé-ẹjọ́ ló kó wọn wá. Ó dé akẹtẹ̀ tó ní àwọ̀n níwájú, àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà sì rò pé akẹtẹ̀ ayẹyẹ ni. Ó rìn dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó gbé àpótí sókè, ó sì là á mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ di bóò lọ o yà mí. Àwọn èèyàn ńlá ń gun àga. Ẹ̀ṣọ́ kan yọ ìbọn, ó ń nà án tẹ̀lé oyin kan káàkiri ojú ọ̀run. Èkejì gbé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ sẹ́nu.

"Ọ̀gá, wọ́n ti kọlù wá."

"Mélòó ni wọ́n?" Ẹnu géètì ni Ọ̀gá Fèrè wà, kò tíì rí nǹkan kan.

"Wọn ò ṣe é kà, sà."

"Kí ni wọ́n fi ń jà?"

"Ìdí wọn ni, sà."

Ọ̀gá Fèrè kò dúró gbọ́ ìyókù, ó fọn fèrè.

Ẹ̀gbẹ́ Adájọ́ gan-an ni Ògiri wà. Bó bá na ọwọ́ báyìí, á kàn án. Bí fèrè ṣe dún, ó fi èjìká tì í kúrò lọ́nà, ó kọjá, ó tẹ orí Màmá Télọ̀ mọ́lẹ̀, ó gbá a mú níbàdí, ó sọ ọ́ sẹ́yìn mọ́tò Adájọ́, ó dùbúlẹ̀ lé e. Ilẹ̀kùn dún gbàà. Dírẹ́bà lọ, kò wẹ̀yìn.

Màmá Télọ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, abẹ́rẹ́ kún ẹnu rẹ̀. Mọ́tò ń sáré, ariwo rẹ̀ ń lé gbogbo ọkọ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó sì ń yọ abẹ́rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi wọ́n gún kọ́là kóòtù tó bò ó lórí. Lókè rẹ̀, ó ń gbọ́ tí Ògiri ń sọ sínú ẹ̀rọ pé, "Adájọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ewu, sà."

"Adájọ́ wo?" ni Ọ̀gá Fèrè bi í. "Èmi àti Adájọ́ la jọ wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbí. Ó ní kí n bi yín pé mọ́tò òun dà."

Abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn jáde.

"O ò bẹ̀ mí lónìí," ni Màmá Télọ̀ wí.

Kóòtù gbé sókè díẹ̀. Ojú Ògiri yọ, ó ti wú débi pé ọ̀kan ti pa dé. Oyin ti ta á létí, ó ti ta á nímú, kò sì sí èyí tó kan obìnrin tó wà lábẹ́ rẹ̀.

"Màmá?"

Dírẹ́bà wo dígí, mọ́tò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ gọ́tà. Ẹ̀rín mú Màmá Télọ̀, ó rín in títí omi ń dà lójú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, kò purọ́. Ẹnìkan ti fara bò ó. Ìgbà tó nu ojú tán ló rí i pé omi ń bọ́ lójú ọmọ náà pẹ̀lú.

"Iṣẹ́ mi ti lọ, mà," ni Ògiri wí. Ẹ̀rín náà bá kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pe Ògiri sí ọ́fíìsì Ọ̀gá Fèrè. Adájọ́ wà níbẹ̀, ètè rẹ̀ wú. Kò sẹ́ni tó pe Màmá Télọ̀, ó kàn ṣílẹ̀kùn wọlé, ó jókòó.

"Ta lo rí nígbà tí fèrè dún?" ni Adájọ́ bi Ògiri.

"Mi ò rí ẹnikẹ́ni, mà. Ara mi ló lọ."

"Èmi ni mo fi ìyá yìí kọ́ ọ," ni Ọ̀gá Fèrè wí, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

Adájọ́ wo Ògiri, ó wo télọ̀. Ó fẹ́ le ojú, ètè wíwú náà kò jẹ́. "Ẹ ránṣẹ́ pè mí síbi ìdánrawò, mo ní mi ò ráyè," ló wí. "Oyin ti fún mi láyè báyìí. Láti ọ̀la lọ, èmi ni kẹ́ ẹ máa gbé jù." Báyìí ni Ògiri ṣe padà sẹ́nu iṣẹ́, tí iṣẹ́ ìdánrawò sì bọ́ lọ́wọ́ Màmá Télọ̀, kí n má tàn yín, ó dùn ún díẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó pe gbogbo ilé jọ pẹ̀lú Ògiri. Ó ní òun ti ronú tán, kí Ògiri máa mú ọjọ́ ìgbéyàwó wá. Bàbá fẹ́ pàtẹ́wọ́, ọmọbìnrin dá a dúró.

"Màmá, ẹ̀yin ló fara bò. Ara ẹ̀ mọ̀ yín. Kò mọ̀ mí."

Gbogbo wọn yíjú sí Ògiri. Ọmọ tí kì í purọ́ náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Òótọ́ ni," ni Màmá Télọ̀ wí, ó dìde, ó sì lọ yá fèrè.

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n gbé àga gbọọrọ kan síta, wọ́n ní mọ́tò nìyẹn. Fèrè dún, Ògiri ní, "Jọ̀ọ́, má bínú," gbogbo wọn sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ, kò sọ nǹkan kan mọ́, ọmọbìnrin sì ti ń fò sórí àga náà bí èyí tí wọ́n fi ìbọn lé, ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè mí.

Màmá Télọ̀ wá yíjú sí ọkọ rẹ̀, tó jókòó tó ń jẹ̀pà.

"Ó kan ìwọ."

"Èmi? Pẹ̀lú orúnkún yìí?"

Ó fọn fèrè. Bàbá dìde, ó da ẹ̀pà nù, ó sì kọrí sí ọgbà. Ẹ̀rín pa àwọn ọmọ. Ó ní òun kò mọ ẹsẹ̀ tó gbé òun lọ. Ìyàwó rẹ̀ ní kó padà sáyè rẹ̀. Ó tún fọn ọ́n, bàbá gbé ẹsẹ̀ sọ́nà ọgbà, ó dúró láàárín méjì, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta. Bàbá tiro bọ̀, ó ń mí gùlegùle, ó tẹ orí ìyàwó rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbá a mú níbàdí, àwọn méjèèjì sì ṣubú sórí àga, àga náà ké.

"Ẹ má bínú, mà," ló sọ sí i létí.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Màmá Télọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ títí èémí àwọn méjèèjì fi balẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ tì í dìde, ó ní kò tíì dáa tó, kó padà síbi tó wà, kí wọ́n tún un ṣe.