Kókó Tí Ọ̀gá Ní Kì Í Pààyàn

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni obìnrin yìí fi di kùnrùngbùn ọ̀gá rẹ̀ sínú. Iṣẹ́ rẹ̀ nílé ìwòsàn ni kó máa gé ẹran ara aláìsàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó sì wò ó lábẹ́ maikirosikópù. Nígbà tí wọ́n yọ kókó nínú orí àbúrò rẹ̀, òun ló gé e. Ohun tó rí bà á lẹ́rù, ló bá sáré tọ dókítà tó jẹ́ ọ̀gá wọn lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èyí ò jọ kókó jẹ́jẹ́. Ẹ jẹ́ ká máa ya àwòrán orí rẹ̀ lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà."

Ọ̀gá ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Irú kókó yìí kì í pààyàn. Ìwọ tó ń gé ẹran, gé ẹran rẹ."

Kò pé ọdún méjì, kókó padà wá. Ó gba ojú àbúrò, ó gba ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì gbé e lọ.

Ọ̀gá gbàgbé. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Obìnrin náà ń kí i "Ẹ káàárọ̀ sà" lójoojúmọ́. Tó bá ti ṣíwọ́, á kó ẹran kókó àtijọ́ tí wọ́n fi ìda dì pamọ́ jáde, á yẹ àbùdá wọn wò, á sì fi wé ohun tó padà ṣe ẹni tó ni ín. Ó yẹ ọ̀ọ́dúnrún wò kó tó rí àmì kan: kókó tó bá ti ní in, bó ti wù kó ṣojú jẹ́jẹ́ tó, á padà wá jà.

Lọ́jọ́ ìpàdé gbogbo dókítà, ó gbé èsì mọ́kànlélọ́gbọ̀n sára ògiri. Gbogbo wọn ló ní àmì yẹn, "kò léwu" ló sì wà lára wọn.

"Ta ló fọwọ́ sí ìranù yìí?" Ọ̀gá ló bi í bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀yin ni, sà. Ogún ti kú nínú wọn. Ti àbúrò mi ló ṣáájú yẹn."

Olórí ilé ìwòsàn ní kí ọ̀gá fi ẹnu ara rẹ̀ pe àwọn mọ́kànlá tó kù lórí fóònù, kí wọ́n wá ya àwòrán orí. Obìnrin náà fa àga, ó jókòó kò ó lójú, ó ń wo òógùn tó ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀, ó sì ń dùn mọ́ ọn bí oyin. Nígbà tí ọ̀gá pe ẹnì kẹrin tán, ó gbé fóònù sílẹ̀.

"Jẹ́ ká sinmi díẹ̀, arábìnrin."

"Ẹ pe èyí tó kàn, sà."

Mẹ́sàn-án wá ya àwòrán. Kókó ti ń hù padà nínú orí àwọn méjì, wọ́n sì tètè yọ ọ́. Ọkọ ọ̀kan nínú wọn wá dúpẹ́, ó ní aláàánú gidi ni obìnrin náà. Ó gba ọpẹ́ náà, kò jiyàn. Ọ̀gá fiṣẹ́ sílẹ̀ kí oṣù tó parí, kò sì kí i pé ó dàbọ̀.