Àgádágodo Aránṣọ

Ní agboolé wa, kò sẹ́ni tó ń ti yàrá. Ẹni tó bá fẹ́ epo á wọlé bù ú, ẹni tó bá fẹ́ àga á gbé e. Bí ọmọ ẹnikẹ́ni bá ṣàìsàn, gbogbo wa la jọ ń tọ́jú ẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn. N ò ní ó dáa, n ò ní kò dáa.

Àfìgbà tí Aránṣọ, àbúrò ọkọ mi, fi àgádágodo sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀. Ó tóbi ju ìkúùkù mi lọ. Bó bá ń lọ wẹ̀, á tì í. Bó bá ń lọ pọnmi, á tì í.

"Kí ló ń fi pamọ́?" Ìyáálé mi, tí a ń pè ní Elétí-Ọfẹ, ló bi mí bẹ́ẹ̀. "Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í fi í pamọ́ sí abíyá."

"Ẹ bi í."

"Èmi kẹ̀? Bó bá jẹ́ ohun tó máa pa wá ló wà níbẹ̀ ńkọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì èmi náà gbé etí mọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo gbọ́. Lójijì ó dákẹ́. Mo sá.

Kò pẹ́ tí Bàbá, olórí ilé, fi pè é síwájú gbogbo wa.

"Ṣí yàrá yẹn, àbí kó o kó kúrò níbẹ̀. Ilé bàbá wa kì í ṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n."

"Bàbá, ìgbà wo ni wọ́n pe iṣẹ́ agboolé tí mi ò jáde? Ẹ máa lo ọwọ́ mi, ẹ ṣáà fi ilẹ̀kùn mi sílẹ̀ fún mi."

"Ṣí i."

Ó ṣí i. Ẹ̀rọ, aṣọ oníbàárà, àga kan, àti àlùmágàjí tó kọ́ lára ìṣó, tó ń dán.

"Torí àlùmágàjí?"

"Wọ́n fi ti tẹ́lẹ̀ gé ìrù ẹja, wọ́n fi gé páànù. Ó wá ń jẹ aṣọ bí eku. Mo sì fẹ́ máa dá wà nígbà míì, Bàbá. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ìyẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ká ní ó jẹ́wọ́ nǹkan burúkú ni, à bá gbà á gbọ́ kíá. Elétí-Ọfẹ ń lu ògiri wò, kó, kó, kó. "Ó ti gbé e kúrò," ló wí. Bàbá gba kọ́kọ́rọ́, ó fi í kọ́ sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀.

Aránṣọ ò jà. Ó gbé ẹ̀rọ rù, ó mú àlùmágàjí, ó lọ gba yàrá létí títì. Bí iṣẹ́ agboolé bá wà, ó ṣì ń wá. Á ṣe tirẹ̀, á lọ.

Yàrá rẹ̀ wà ní ṣíṣí, kò sì sẹ́ni tó ń wọ̀ ọ́. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ ohun tó rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Elétí-Ọfẹ kì í jẹ́ kí ewúrẹ́ ẹ̀ pàápàá gbabẹ̀ kọjá.

Èmi nìkan ló ń wọ̀ ọ́. Bí mo bá ti fọ abọ́ tán, mo máa ń lọ jókòó sórí àga tó fi sílẹ̀, màá fi òkúta ti ilẹ̀kùn láti inú. N kì í ṣe nǹkan kan.

Lánàá, bí mo ṣe jáde, Elétí-Ọfẹ wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó, kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan, mà."

Ó wo ọwọ́ mi méjèèjì.