Òdòdó Tó Ní Gbòǹgbò

Ojú wọn kọ́kọ́ ṣe mẹ́rin lórí àga òfìfo kan. Reluwé kékeré tó ń gba àárín ìlú Matsuyama lọ sí Dogo ti kún fọ́fọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọmọkùnrin àlejò kan sì dìde kí ìyá arúgbó kan lè jókòó. Ìyá náà juwọ́, ó ní kò rẹ òun. Ojú ti ọmọkùnrin náà láti jókòó padà, kò sì sí ẹlòmíì tó fẹ́ fi ìdí kan àga náà. Bẹ́ẹ̀ ni àga ṣe ń gbafẹ́ lọ lóun nìkan, tí ogójì èèyàn dúró yí i ká.

Chizuru, ọmọbìnrin kan láàárín àwọn tó dúró, gé ètè jẹ kí ẹ̀rín má bàa bọ́. Ọmọkùnrin náà rí i. Ó wò ó bí ẹni ń béèrè pé, "Kí ni mo tún ṣe báyìí?" Àyà Chizuru já, kì í sì í ṣe ti ẹ̀rù.

Lọ́sàn-án, òun náà ló gbé báàgì wọlé sí ilé àlejò tí Chizuru ti ń ṣiṣẹ́. Wisnu lorúkọ rẹ̀, ọmọ ìlú Surabaya lókè òkun. Ó ti fi ọdún méjì kọ́ èdè wọn.

"Ọ̀gbẹ́ni tó ni àga," ni Chizuru wí. "Ẹ káàbọ̀. Ibí ni ẹ ó bọ́ bàtà sí."

"Ṣé mo lè bọ́ ìtìjú náà síbẹ̀?"

Chizuru kọ́ ọ bó ṣe yẹ: kó bọ́ sálúbàtà kó tó tẹ ẹní, kó wẹ̀ mọ́ kó tó wọ adágún omi gbígbóná, kó fi apá òsì aṣọ ilé bo apá ọ̀tún, torí òkú nìkan là ń wọ̀ ọ́ fún lódìkejì. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Oṣù mẹ́ta ni Màmá Hatsue, onílé àlejò, fi ń dán an wò lẹ́nu ọ̀nà, ọjọ́ Jímọ̀ sì ni yóò pé. Bí kò bá yege, yóò padà sídìí ibùsùn títẹ́.

Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀rọ̀ dàrú. Àǹtí Kuniko, àgbà òṣìṣẹ́ ilé náà, wá dúró níwájú rẹ̀.

"Àlejò rẹ gbé òdòdó fún Màmá."

"Ó mà ṣeun o. Ó gbọ́ pé wọn ò lè dìde ni."

"Inú ìkòkò ló wà. Tòun ti gbòǹgbò, tòun ti yẹ̀pẹ̀."

Chizuru fi bíró sílẹ̀.

"Oṣù kan rèé tí Màmá ti wà lórí ìdùbúlẹ̀," ni Àǹtí Kuniko ń bá a lọ, "ẹnì kan wá gbé ohun tó ń ta gbòǹgbò síbi orí wọn. Ṣé kí àìsàn náà má lọ mọ́ ni? Gbọ́ tèmi: sọ fún Màmá pé àjèjì ni, kò lọ́gbọ́n. Màá da òdòdó náà nù, ọ̀rọ̀ á tán."

"Ó lọ́gbọ́n, àǹtí. Èmi ni mo gbàgbé láti sọ fún un."

"Ọ̀la ni wọ́n máa sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ o."

"Mo mọ̀."

Chizuru lọ bá Wisnu nínú ọgbà. "Òdòdó tí a gé là ń mú lọ bá aláìsàn níbí," ni ó wí fún un.

Ojú Wisnu rẹ̀wẹ̀sì. "Èyí tí a gé ti kú tán. Ta ló ń fi òkú òdòdó kí aláìsàn?"

Látọjọ́ tí wọ́n ti bí Chizuru, kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. "Ẹ kọ lẹ́tà sí Màmá," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́. Èmi náà á bá yín wọlé."

Nírọ̀lẹ́, Wisnu mú àpò lẹ́tà tó rẹwà jù ní ṣọ́ọ̀bù wá, tí wọ́n fi bébà aláwọ̀ sánmà tẹ́ inú rẹ̀. Chizuru mi orí.

"Ìpele méjì lèyí. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àìsàn, ìpele kan ni, kí aburú má bàa tún padà wá."

"Àpò lẹ́tà yín pàápàá ń sọ̀rọ̀."

"Ó ń sọ̀rọ̀ ju àwa gan-an lọ." Ó fún un ní funfun lásán. Wisnu ki èyí tó rẹwà náà bọ àpò.

Nínú yàrá Màmá, àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ lórí ẹní. Àǹtí Kuniko ti dúró ti ìkòkò òdòdó, ó ń retí àṣẹ. Chizuru fi iwájú orí kanlẹ̀.

"Màmá, òun ò mọ̀. Èmi tí mo mọ̀ ni mi ò sọ. Ẹ̀bi tèmi ni."

Màmá Hatsue gba lẹ́tà lọ́wọ́ Wisnu, wọ́n kà á, wọ́n tún un kà. "Ó ní irú òdòdó yìí tí ìyá òun gbìn ṣì ń tanná lójú fèrèsé wọn," ni wọ́n wí. "Kuniko, fi í sílẹ̀. Bu omi sí i."

Wọ́n wá yíjú sí Chizuru. "Ẹni tó lè ru ẹ̀bi ara rẹ̀ kò ní ba ẹnu ọ̀nà mi jẹ́. Bí nǹkan kan bá máa ta gbòǹgbò nínú ilé yìí, ìwọ ni kó jẹ́. Ní tèmi, mò ń dìde bọ̀."

Láàárọ̀ Sátidé, èrò kún ibùdókọ̀. Wisnu ti wà lórí ìlà, báàgì léjìká, nígbà tó bojú wẹ̀yìn tí ojú òun àti Chizuru, tó wá sìn ín, tún ṣe mẹ́rin. Ó kúrò lórí ìlà. Reluwé dé, ó gbé èrò, ó lọ.

Ó fa àpò lẹ́tà aláwọ̀ sánmà yọ, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i.

"Ìpele méjì ni," ni Chizuru wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Mo ti béèrè lọ́wọ́ Màmá. Wọ́n ní ohun téèyàn bá fẹ́ kó tún padà wá ló ń fi sínú rẹ̀."

Chizuru na ọwọ́ méjèèjì, ó sì gbà á.