Táyà Tí Yóò Fa Ilé

Ọ̀sẹ̀ tí Bàbá Jórinjórin fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ra ilé alágbèéká kan: yàrá kan, sítóòfù kan, bẹ́ẹ̀dì kan, gbogbo rẹ̀ lórí táyà. Ọkọ̀ akẹ́rù wọn ni yóò máa fà á rìnrìn àjò. Ṣùgbọ́n táyà ọkọ̀ náà ti pá bí orí ẹni tó ni ín, ni wọ́n bá wọ́ ilé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù onítáyà.

Kí ìyàwó tó sọ̀ kalẹ̀, ọkọ ti di táyà gàgàrà kan mú, tí eyín rẹ̀ rí bí eyín ọ̀nì.

"Èyí ni mo fẹ́!"

Onítáyà, obìnrin kan tí rọ́bà ti sọ ọwọ́ rẹ̀ di dúdú, mi orí. "Bàbá, inú ẹrẹ̀ ni wọ́n ṣe ìyẹn fún. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rọ̀. Bí ilé bá ń fà á lẹ́yìn, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. Nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà la máa wò, òun ló ń sọ ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé. Báwo nilé yín ṣe wúwo tó?"

"Fúyẹ́fúyẹ́ ni. Bí ìyẹ́."

Ìyàwó rẹ̀ wúkọ́.

Wọ́n wọ́ ilé náà lọ sórí ìwọ̀n ńlá tó wà lódìkejì ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ oníyanrìn. Abẹ́rẹ́ ìwọ̀n yí, ó tún yí. Onítáyà súfèé.

"Bàbá, ìyẹ́ ẹyẹ wo lẹ kó síbẹ̀?"

Bàbá yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Mo sọ fún ọ! Ìkòkò! Aṣọ! Ṣé a ń kó lọ pátápátá ni?"

Ìyàwó rẹ̀ lọ sídìí ilé náà. Ó ṣílẹ̀kùn. Ìkòkò méjì àti àpò aṣọ kan ló wà lórí tábìlì. Ó wá gbé bẹ́ẹ̀dì sókè. Irin ló kún abẹ́ rẹ̀: òòlù mẹ́rin, ẹ̀wọ̀n, àpò nọ́ọ̀tì mẹ́ta, àti ààbọ̀ géètì.

"Ó lè wúlò," ni Bàbá wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Géètì? Ojú ọ̀nà wo lẹ fẹ́ tì?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

Onítáyà kọ ẹ̀yìn sí wọn, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

Nígbà tí wọ́n já irin sílẹ̀ tán tí wọ́n tún ilé wọ̀n, onítáyà yí táyà kan jáde, táyà lásán tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le dáadáa.

Bàbá fọwọ́ ra á. "Kò mà rẹwà."

"Ẹ̀yin náà ò rẹwà nígbà tí mo fẹ́ yín," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "ẹ sì ń gbé ẹrù mi dòní."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mẹ́rin ló rà.

Wọ́n gbéra. Ilé ń tẹ̀lé wọn wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọkàn Bàbá ò balẹ̀.

"Ṣé ó ṣì wà lẹ́yìn?"

"Ó wà."

Ó bi í bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́rin. Nígbà tó di ẹ̀karùn-ún, ìyàwó rẹ̀ tó ti ń tòògbé ò tilẹ̀ lajú.

"Ó ti sọ̀ kalẹ̀. Ó ní òun fẹ́ tọ̀."