Ìwọ̀n Ẹsẹ̀ Ẹlòmíì

Gbogbo ìgbà tí aránṣọ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé wọn, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ máa ń ta á bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ṣẹ́ sínú rẹ̀. Á gbá irin àtẹ̀gùn mú, á wẹ̀yìn wò bóyá Màmá rí òun, á sì rántí pé Màmá kì í jáde mọ́. Ó ti pẹ́ tí orúnkún tiwọn ti daṣẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ fífọ ilẹ̀ ọ́fíìsì ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà, orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣe é títí ọ̀pá fi di ẹsẹ̀ kẹta wọn. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń ba aránṣọ: kí orúnkún yẹn má lọ jẹ́ ogún.

Kí ló wá gbé obìnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dé ìdí ijó balẹ́ẹ̀, ijó tí wọ́n ń na ọrùn, tí wọ́n ń yí ẹsẹ̀ síta, tí wọ́n sì ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ ọwọ́? Aṣọ ló gbé e débẹ̀. Ó gbé aṣọ ijó tó rán lọ fún olùkọ́ ijó náà, ó ní kóun dúró wòran díẹ̀, kò sì lè kúrò níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó gbìyànjú, òun tó ń tẹ̀ ba sórí maṣíìnì látàárọ̀ dúró ṣánṣán, inú rẹ̀ sì dùn débi pé omi lé ròrò sójú rẹ̀. Bó ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn.

Àgùfọn ni wọ́n ń pe olùkọ́ náà lẹ́yìn, nítorí ọrùn rẹ̀ tó gùn. Láti ọjọ́ kìíní ló ti kìlọ̀ pé ẹni tí orúnkún bá ń dùn kó tètè sọ, kó lọ jókòó. Aránṣọ ò gbọ́ “kó tètè sọ” rárá. “Kó lọ jókòó” nìkan ló gbọ́. Bí ti Màmá ṣe bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn: wọ́n ní kí wọ́n jókòó sinmi díẹ̀, wọn ò sì dìde dáadáa mọ́. Ó bá pa ẹnu mọ́.

Ní àràárọ̀, kí ara tó gbóná rárá, á dúró sórí ilà méjì tó fi ṣọ́ọ̀kì ìgéṣọ fà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì. Á fi gìgísẹ̀ méjèèjì kan ara wọn, á wá máa ti ìka ẹsẹ̀ síta títí wọ́n á fi bá ilà mu. Bí ẹsẹ̀ bá kọ̀, á fipá mú un. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ló máa ń sọ fún ara rẹ̀. Orúnkún náà sì ń wú díẹ̀díẹ̀. Màmá á jókòó sórí àga wọn, wọ́n á máa wò ó.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n di igi ara ògiri mú, olùkọ́ ní kí wọ́n rọra tẹ orúnkún wálẹ̀. Abẹ́rẹ́ yẹn tún ta á, ohùn sì já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Nígbà tí àwọn yòókù ń lọ, olùkọ́ ní kó dúró. Ó ti ń ro bí òun ṣe máa kó bàtà òun sápò, tí òun ò ní padà wá mọ́.

Olùkọ́ lóṣòó, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa. “Ìka ẹsẹ̀ rẹ kọjú síta, orúnkún rẹ kọjú síwájú. Ta ló ní kó o máa ṣe é báyìí?”

Aránṣọ ní kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ ò gbójú kúrò lára rẹ̀, ó jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì. Ẹsẹ̀ olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló fi ojú wọ̀n lọ́jọ́ kìíní, tó lọ fà á sílẹ̀ nílé gẹ́lẹ́ bó ṣe rí.

“Tí oníbàárà bá wá bá ọ,” olùkọ́ bi í, “ṣé ìwọ̀n ẹlòmíì lo máa fi gé aṣọ rẹ̀?”

Ojú tì í. Òun tó máa ń bá àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ jà pé wọn ò wọn èèyàn kí wọ́n tó gé aṣọ. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Olùkọ́ ní kó kọjú ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, kó yí itan síta láti oríkèé ìbàdí, kó sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e. Ibi tí itan bá dúró sí, kí ẹsẹ̀ náà dúró síbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣí díẹ̀, bí ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí fún ológbò.

“Eléyìí nìkan?”

“Tìẹ nìyẹn.”

Olùkọ́ ní kó má tẹ orúnkún wálẹ̀ jìnnà títí wíwú náà á fi lọ. Kó kọ́kọ́ rìn káàkiri kí ara gbóná kó tó máa na ara. Tí iṣan bá ń fà, kò burú, àmọ́ tí oríkèé bá ta á, kó dáwọ́ dúró. Tí ìrora náà kò bá sì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, kó lọ bá dókítà, kì í ṣe aládùúgbò. Ní ti ijó, ọwọ́ nìkan ni kó máa fi bá wọn jó ná. Aránṣọ bi í bóyá ìjókòó yẹn ò ní di títí láé.

“Ìjókòó díẹ̀ ni mo sọ,” olùkọ́ wí. “Ẹni tó bá tètè sọ ló ń tètè dìde.”

Nígbà tó délé, ó mú àkísà tútù, ó jókòó sílẹ̀, ó ń nu ilà ṣọ́ọ̀kì. Màmá bèèrè ohun tó dé, ó sì rò ó fún wọn látòkèdélẹ̀.

“Mo mọ̀ pé ó ń dùn ẹ́,” Màmá wí. “Ìró ẹsẹ̀ rẹ lórí àtẹ̀gùn ti di ìró ẹsẹ̀ tèmi. Mò ń gbọ́ ọ. Ẹ̀rù ni ò jẹ́ kí n bi ẹ́.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí àkísà. Ẹ̀rù kan náà làwọn méjèèjì ti ń gbé pamọ́ fún ara wọn nínú yàrá kan ṣoṣo.

Nígbà tí Sátidé mìíràn dé, wíwú náà ti dín kù, kò tíì tán. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún un bóyá ó máa tán pátápátá. Ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó ń sọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, orúnkún àti ìka ẹsẹ̀ kọjú síbì kan náà. Ní àárín àtẹ̀gùn, ó dúró.

“Ṣé ó ta ẹ́?” Màmá bi í láti inú yàrá.

Ó ti fẹ́ sọ pé rárá. Rárá náà ti wà lẹ́nu rẹ̀.

“Ó ta mí díẹ̀, Màmá.”

“Rọra, ọmọ mi.”

Kó tó tún gbẹ́sẹ̀, ó gbọ́ ìró ọ̀pá lórí ilẹ̀, tó ń bọ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà.