Ìka Kékeré Ọ̀gá

Gbogbo ẹni tó kọ́ gìtá lọ́wọ́ ọkọ mi ló ń ká ìka kékeré ọwọ́ òsì rẹ̀ kò. Ẹ wọ inú yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, ẹ ó bá wọn lórí àga, gbogbo wọn dojú kọ àga Ọ̀gá, ìka mẹ́ta lórí okùn, ìkẹrin ká sínú bí ìgbín tí wọ́n fọwọ́ kàn. Wọ́n gbà pé ibẹ̀ ni àṣírí iṣẹ́ náà wà. Onígbàjámọ̀ tó jẹ́ ọmọṣẹ́ àkọ́kọ́ tiẹ̀ máa ń sọ fún àwọn tuntun pé ẹni tí kò bá mọ ìka yẹn ká, kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Èmi tí mo fẹ́ Ọ̀gá mọ̀ pé kò sí àṣírí kankan níbẹ̀. Nígbà tó ṣì ń bá káfíńtà ṣiṣẹ́, fèrèsé ló já lu ìka náà. Egungun rẹ̀ fọ́, ó jinná ní wíwọ́, kò sì lè nà mọ́ láti ìgbà náà. Ìka mẹ́ta tó kù ló fi kọ́ gìtá, ó sì mọ̀ ọ́n ta débi pé kò sẹ́ni tó bi í ní ohun tó ṣe ìkẹrin. Lọ́jọ́ tí onígbàjámọ̀ kọ́kọ́ ká tirẹ̀, ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tó ń ròyìn fún mi. Ó ní lọ́la lòun máa sọ òótọ́ fún un. Ọ̀la yẹn ò dé títí irun fi tán lórí onígbàjámọ̀ fúnra rẹ̀. Mo bá a jà lórí ọ̀rọ̀ yẹn títí ó fi sú mi. Mo rò pé ó dùn mọ́ ọn ni, bó ṣe máa ń dùn mọ́ bàbá tó bá rí i tí ọmọ rẹ̀ ń rìn bíi tòun.

Èmi kì í ṣe ẹni tí nǹkan tètè ń yà lẹ́nu. Télọ̀ ni mí. Mo ti rí ẹni tó gbé aṣọ tí kò tó ẹnì kan wá, tó ní kí n rán an fún mẹ́ta. Àmọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Ọ̀gá jáde, mo gbọ́ ohùn kan láti inú yàrá ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ mi sì kúrò lórí ẹ̀rọ láìjẹ́ pé mo ní kó kúrò.

Gìtá ni. Ilé gìtá ni mò ń gbé, mo rò pé mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí okùn mẹ́fà lè sọ. N kò gbọ́ èyí rí. Ohùn méjì ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ń rìn nísàlẹ̀, ìkejì ń gòkè lọ, ó ń gòkè kọjá ibi tí mo rò pé orin yẹ kó dúró. Orí mi wú. Mo rọra yọjú. Jẹ́jẹ́ ni, ọmọ àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, tí a sọ ní Jẹ́jẹ́ torí pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í ju méjì lọ lójúmọ́. Ìka kékeré rẹ̀ nà gbọọrọ lórí ọrùn gìtá, ó ń sáré bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ níléèwé.

Bó ṣe rí mi, ó fi ọwọ́ náà pamọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún Ọ̀gá. Ó ní ìka yẹn kì í gbọ́ràn, bí òun bá ká a, á tún nà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní Sátidé ni Ọ̀gá máa yan ẹni tí yóò gba ìjókòó rẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì tó ti ń ta gìtá, torí ẹ̀yìn ti ń dùn ún. Kálukú ni yóò ta orin kan fún un. Jẹ́jẹ́ ní òun ti pinnu: òun á ká ìka náà, òun á ta orin bí Ọ̀gá ṣe ń ta á, tí kò bá sì bọ́ sí i, òun á gbé gìtá sílẹ̀ pátápátá, òun á wá kọ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ mi. Mo rántí pé ọmọ yìí ló rán ìrọ̀rí mọ́ aṣọ ọrùn ara rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Mo wá jókòó tì í, mo sọ ọ̀rọ̀ fèrèsé fún un. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín, kò rín. Ó ń wo ìka rẹ̀ bí ẹni pé ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn án.

"Kí ni kí n wá ṣe, Àǹtí?"

"Èmi ò mọ gìtá o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá rán aṣọ lọ́dọ̀ mi, ara tiẹ̀ ni mò ń wọ̀n, kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ọmọ mi."

Kò sọ bóyá ó gbà tàbí kò gbà. Jẹ́jẹ́ náà ni.

Sátidé pé. Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ ta tiẹ̀, ó sì ta á dáadáa, kí n má purọ́. Tí mo bá di ojú mi, ọkọ mi ni. Àwọn tó tẹ̀ lé e ta tiwọn, ọkọ mi náà ni gbogbo wọn, àfi pé òmíràn dà bí ọkọ mi tí ibà ń ṣe. Ó wá kan Jẹ́jẹ́.

Ó ká ìka rẹ̀ kò. Ó bẹ̀rẹ̀ orin Ọ̀gá, ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo mọ̀ pé tó bá parí rẹ̀ báyìí, ó parí nìyẹn. Láàárín orin, ó dúró. Ó wojú mi, ó mí kanlẹ̀, ìka náà sì nà.

Kí ni kí n pe ohun tó tẹ̀ lé e? Orin Ọ̀gá ni lákọ̀ọ́kọ́, mo dá a mọ̀, àmọ́ ó ti ní òkè àti ìsàlẹ̀ tí kò ní rí. Lẹ́yìn náà ó fi orin Ọ̀gá sílẹ̀, ó wọ tirẹ̀ lọ. Kò ṣe é gbà gbọ́ pé ọmọ kan ṣoṣo ló ń ta á, lórí gìtá àlòkù tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdí rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù tó dùn, irú èyí tó máa ń ba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú kan òkun. Àwọn ọmọṣẹ́ ò wo ojú rẹ̀, ìka rẹ̀ ni wọ́n ń wò, ẹnu wọn là sílẹ̀. Onígbàjámọ̀ ti tẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ sórí itan, ó ń gbìyànjú láti na ìka tó ti ń ká láti ọjọ́ yìí wá, ìka náà ò sì gbọ́.

Nígbà tó ta á tán, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Gbogbo ojú lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá. Ó dìde, tòun ti ẹ̀yìn tó ń dùn ún, ó lọ lóṣòó síwájú ọmọ náà, ó ní kó tún ibi tó gòkè yẹn ta. Ó wò ó. Ó gbé gìtá tirẹ̀, ó dán an wò, ó tún un dán wò, ó sì gbé e kalẹ̀.

"Mi ò lè ta á," ó ní. Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè kí gbogbo wọn lè rí i. "Fèrèsé ló já lu ìka yìí. Kì í ṣe ọgbọ́n kankan, egbò ni. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín tipẹ́."

Ó wá ní onígbàjámọ̀ ni kó lọ jókòó ní òtẹ́ẹ̀lì, torí orin òun ni wọ́n ń fẹ́ níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó o. Ojú Jẹ́jẹ́ wálẹ̀. Inú bí mi, mo ti la ẹnu láti sọ ohun tí yóò dùn ún ju ẹ̀yìn lọ, ìgbà yẹn ni Ọ̀gá fọwọ́ gbé àgbọ̀n ọmọ náà sókè.

"Ìwọ ò ní jókòó sí àga mi. Àga mi kéré sí ẹ. Gbogbo orin tó ti jáde nínú yàrá yìí, kò sí èyí tí mi ò lè ta. Tìẹ ni àkọ́kọ́ tí mi ò lè ta. Òun ni mo ti ń dúró dè látọjọ́ yìí, mi ò kàn mọ̀ ni."

Ó ń sunkún, ọkùnrin tí kò sunkún nígbà tí fèrèsé já lù ú. Mo gbàgbé èébú tí mo fẹ́ bú u.

Nígbà tí wọ́n tún pàdé, ó ní kí gbogbo wọn yí àga wọn padà, kí wọ́n kẹ̀yìn sí òun. Kálukú dojú kọ ògiri, kò rí ọwọ́ ẹlòmíràn mọ́ àfi tirẹ̀. Ariwo tó jáde níbẹ̀, ẹ jẹ́ n fi mọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ń ké bí ewúrẹ́, òmíràn ń wá ìka rẹ̀ kiri. Oníbàárà tó wá gba ṣòkòtò bi mí pé ṣé kò sí wàhálà o. Láàárín gbogbo rẹ̀ mo gbọ́ Jẹ́jẹ́, ohùn méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ gìtá tí mo ti mọ̀ tipẹ́, ìka mẹ́ta, tó ń wá ọ̀nà bó ṣe máa tẹ̀ lé ọmọ náà. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, mo sì ní kí oníbàárà jókòó kó gbọ́.