Màámi Lẹ́nu Iṣẹ́ Fàdákà

Ṣadé, gbọ́ àlá tí mo lá mọ́jú òní. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ fàdákà, àmọ́ inú odò ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, iná sì ń jó nínú omi. Màámi tó ti dolóògbé ló ń kọ́ wa, ẹni tí kò di òòlù mú rí láyé rẹ̀! Abọ́ fàdákà tí mo ń lù fẹ́ sán.

Màámi ní, “Dúró ná, ó ti le jù. Fi iná rọ̀ ọ́.”

Mo finá sí i, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ. Màámi wá gba òòlù, ó ń lù ú jẹ́jẹ́, abọ́ náà ń tàn yanran. Háà, ọwọ́ rẹ̀ dùn ún wò!

Mo ní, “Ta ló kọ́ yín, Màámi?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ìwọ ni. Mo máa ń wò ọ́ lẹ́nu iṣẹ́.”

Bí mo ṣe jí nìyẹn. Mo sunkún, àmọ́ inú mi dùn.